Orúkọ Tí Mo Gbọ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wáyà

Fún nǹkan bí ogún ọdún, orúkọ ọmọbìnrin tó yára jù lọ nínú eré irinwó mítà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan nítòsí Toronto kò sí lára ògiri tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn olùborí sí. Kò sẹ́ni tó ní kò sáré. Kò sẹ́ni tó ní aago parọ́. Orúkọ tí èmi kọ sínú ìwé ìròyìn ló yọ tirẹ̀ kúrò.

Jídé Ọláníran ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ìròyìn eré ìdárayá fún ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú kékeré tó wà níwájú Ajax, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin náà ni Dèbórà Oyèwálé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà yẹn. Nọ́ọ̀sì ni báyìí, ó sì ń gbé ní Ajax pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọmọ wọn obìnrin àti ìyá rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí n kọ ìtàn yìí, torí àwọn kan nínú wọn ń ro iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe láyé. "Uncle, ṣé iṣẹ́ oníròyìn dáa?" Mo ní ó dáa. Wọ́n ní kí n sọ òótọ́. Òótọ́ rèé.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Mo ti ṣe oníròyìn díẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo dé Canada, páálí ni mò ń kó ní warehouse kan ní Vaughan. Mo kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn mọ́kànlá, ọ̀kan ṣoṣo ló dáhùn. Owó rẹ̀ kò tó ti páálí. Ìyàwó mi ní kí n lọ, ó ní páálí kò ní sá lọ.

Olóòtú tó gbà mí síṣẹ́ ni Dórìn, obìnrin òyìnbó tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí irun wọn funfun tí wọ́n gé e mọ́lẹ̀, tí awò ojú máa ń rọ̀ lọ́rùn wọn bíi kọ́kọ́rọ́ ilé. Lọ́jọ́ kìíní mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Ma."

"Mi ò bí ẹ," ni wọ́n wí. "Dórìn ni kó o máa pè mí."

Níbo ni mo ti máa rí ẹnu fi pe obìnrin tó tó ìyá mi ní Dórìn lásán? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, màá kọ́kọ́ wúkọ́ títí wọ́n á fi gbójú sókè. Nígbà tó yá mo ní, "Ma Dórìn." Wọ́n wò mí dáadáa. "Ó dún bí orúkọ màlúù," ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn, orúkọ tí mo sì pè wọ́n nìyẹn títí wọ́n fi kú.

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ bí ẹni pé mi ò mọ ìwé rí. Pẹ́ńsù ni kí n máa lò, kì í ṣe báírò, torí yíǹkì máa ń dì pọ̀ nínú òtútù tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lórí pápá ní oṣù kọkànlá. Kí n mú méjì dání, kí n gbẹ́ ẹ lórí àti ní ìdí. Kí n má jókòó ti àwọn kóòṣì. Kí n má kọ ohun tí mo rí bí ẹni tó ṣe é bá wà níbẹ̀ tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ti orúkọ ló wá le jù. Ibi mẹ́ta ni kí n ti gbà á: lára ìwé àkọsílẹ̀ àwọn eléré, lẹ́nu olùkọ́ wọn, àti lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Lọ́wọ́, mi ò ní lẹ́nu. Màá na pẹ́ńsù àti ìwé sí ọmọ náà, á kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá ṣi orúkọ kọ, Ma Dórìn á fa ilà pupa sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì ní, "O mọ ilé wọn?" Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kí n gbé ìwé ìròyìn náà lọ sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí n dúró, kí n ka ibi tí mo ti ṣì í sókè, kí n sì tọrọ àforíjì.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún àkọ́kọ́. Ní ilé ọmọ kan tó ń ja ìjàkadì, ajá lé mi débi mọ́tò. Ìkejì jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ fún mi ní tíì, wọ́n sì dá mi dúró fún wákàtí méjì, kí n lè mọ orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ wọn, bó bá di ọjọ́ kan.

Lọ́jọ́ kan mo sọ fún Ma Dórìn pé nílé wa, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Àwa kì í sọmọ lórúkọ, Jídé. Àwọn òbí ti sọ ọ́. Tiwa ni ká má bà á jẹ́."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn ìwé mi. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ṣoṣo ló wà ní ìlú náà nígbà yẹn. Bí ẹ bá ti Toronto wá, ẹ lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, dókítà eyín, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ló ti gba ibẹ̀ kọjá. Lára ògiri gbọ̀ngàn eré ìdárayá, lókè ibi tí àwọn èrò ń jókòó, ni pátákó aláwọ̀ ewé kan wà, orúkọ eré lápá òsì, orúkọ ẹni tó ṣe é jù lọ lápá ọ̀tún, ní ọ̀dà wúrà. Kóòṣì Bruno, tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì tó sì ń kọ́ wọn ní eré sísá, sọ fún mi pé: "Mo ti rí bàbá àádọ́rin ọdún tó yà síbí, tó ní òun fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Irọ́ ni. Ó fẹ́ wo orúkọ rẹ̀ ni."

Ọdún karùn-ún tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ Dèbórà ṣẹlẹ̀.

Ìgbà ìrúwé ni, ọjọ́ Ajé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè sì pé sí pápá wa. Mo dúró sí igun kẹta pápá pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọ́n pe irinwó mítà àwọn obìnrin. Bí ìbọn ti dún ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wáyà tó yí pápá ká:

"Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ ọmọ Àlàdé! Má wẹ̀yìn o! Gbé e lọ, ọkọ mi, gbé e lọ!"

Mo yíjú. Obìnrin kan ni, ó wọ aṣọ àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ọsibítù, káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà láyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà mú. Ó hàn pé ẹnu ṣífíìtì ló ti wá. Mo padà wo orí pápá, mo rí ọmọ dúdú pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ọdún márùn-ún ni mo ti ń kọ orúkọ àwọn Tyler àti Brittany. Mi ò tíì gbọ́ irú orúkọ yìí lórí pápá yẹn rí. Mo ya fọ́tò mẹ́fà, èmi náà sì pariwo, ohun tí oníròyìn kì í ṣe. Nígbà tó dé òpin, àwọn mẹ́ta tó di aago mú ń wo ojú ara wọn. Kóòṣì Bruno ju fìlà rẹ̀ sókè. "Ó ti lé ti ògiri kúrò!"

Ìyá rẹ̀ ni mo sáré lọ bá, kì í ṣe ọmọ.

"Ẹ kú oríire o, Ma!"

"Háà! Yorùbá ni yín? Ẹ ṣé o, ọmọ wa ni o!"

"Kí lorúkọ ọmọ wa?"

"Àjọkẹ́ ni mò ń pè é."

"Ọmọ Àlàdé?"

"Ọmọ Àlàdé gan-an, bàbá rẹ̀ ò ráyè wá, ó wà níbi iṣẹ́."

Mo kọ ọ́: Àjọkẹ́ Àlàdé. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn eléré wà nínú àpò mi, mi ò yọ ọ́. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu. Òyìnbó kan ìbá ti wo ìwé, torí kò ní gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń wí. Èmi gbọ́ èdè, mo sì rò pé gbígbọ́ èdè ti tó. Bẹ́ẹ̀ ta ni kò mọ̀ nínú wa pé Àjọkẹ́ ni oríkì tí ìyá fi ń ki ọmọ, pé orúkọ bàbá gan-an ni wọ́n sì máa ń fi lé e, kì í ṣe orúkọ ìdílé tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù? Mo mọ̀ ọ́n. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n rántí ohun tí mo mọ̀.

Ní ọjọ́rú, ìwé ìròyìn jáde. Orúkọ náà gùn láti etí ojú ewé dé etí kejì. Ojú ọmọ náà nìkan la lò nínú fọ́tò, wọ́n ti gé e láti èjìká, nọ́ńbà àyà rẹ̀ kò hàn.

Ní ọjọ́bọ̀, kóòṣì ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a nà gbé ìwé ìròyìn náà lọ bá ìgbìmọ̀ eré ìdárayá agbègbè. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: ìwé àkọsílẹ̀ ní Dèbórà Oyèwálé ló wà ní ilà kẹrin. Ìwé ìròyìn ní Àjọkẹ́ Àlàdé ló sáré. Ta wá ni wọ́n yá wọlé? Dèbórà kò tíì pé oṣù méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ níta. Ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà sí Kóòṣì Bruno pé láàárín ọjọ́ méje, kó mú ẹ̀rí wá. Kóòṣì Bruno kò rí lẹ́tà. Ó ti wọ ọsibítù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, lẹ́tà sì wà nínú àpótí rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn ò ṣí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, òbí ọmọ mìíràn tẹ̀ mí láago. "Ta ni Àjọkẹ́ Àlàdé? Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ẹlòmíràn sáré." Mo yọ ìwé àkọsílẹ̀ náà nínú àpò. Mo rí ilà kẹrin. Ma Dórìn wà níwájú mi, ó lè jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Ká ní mo dìde ni, wọn ìbá ti wa mọ́tò lọ bá ìgbìmọ̀ lọ́sàn-án yẹn. Mi ò dìde. Mo ní á rọlẹ̀. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ á ṣàlàyé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé oṣù yẹn ni wọ́n fẹ́ pinnu bóyá wọ́n á fi mí síṣẹ́ pátápátá. Ọjọ́ méje kọjá. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìpinnu ìgbìmọ̀ dé: wọ́n fagi lé èsì eré náà.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ bá Ma Dórìn. Wọ́n yọ awò ojú.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Ẹtì, Ma."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó kọjá lọ́hùn-ún."

Wọ́n yí àga wọn sí mi. "Àṣìṣe orúkọ, mo lè fara mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ńkọ́, Jídé? Ta ló ṣì í kọ fún ẹ?" Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Fíìmù dà?"

Mo tú àpótí tí wọ́n ń kó fíìmù sí, ní ibi tí orúkọ Oyèwálé yẹ kó wà. Kò sí. Ma Dórìn fúnra wọn lọ bá ìgbìmọ̀. Wọ́n dá wọn lóhùn pé àsìkò ti kọjá, pé ẹnu tó pè é ní Àlàdé lánàá náà ló ń pè é ní Oyèwálé lónìí, èwo làwọn fẹ́ gbà? Ma Dórìn padà dé, wọ́n fa ilà pupa.

"O mọ ilé wọn?"

Àjà kẹsàn-án ilé kan ni wọ́n ń gbé. Bàbá Dèbórà ló ṣílẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé ìròyìn wà lábẹ́ àyà mi.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" ni wọ́n ń wí. "Àwọn aládùúgbò á rò pé ẹ dákú, wọ́n á pe ambulance."

Mo ka ibi tí mo ti ṣì í. Mo sọ ti ọjọ́ mẹ́wàá náà, torí Ma Dórìn ní bí mi ò bá sọ ọ́, kí n má padà wá. Bàbá jókòó, wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, àwọn ò fẹ́ ẹjọ́. Dèbórà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí, bí àwọn ọmọ ibí ti máa ń ṣe.

"Ṣé wọ́n rò pé èmi kì í ṣe èmi ni?"

Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, wọn ò wo ojú mi. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù, Bùọ̀dá. Èmi ni mo pariwo. Ohùn mi ló gba eré lọ́wọ́ ọmọ mi."

Dèbórà kò sáré mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Ìyá rẹ̀ lọ wo àwọn àbúrò rẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi jáde girama. Mo máa ń rí ìyá náà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ma Dórìn kò lé mi. Wọ́n ní wọ́n ti ná owó púpọ̀ jù lórí ẹ̀kọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá parí ìròyìn, mo gbọ́dọ̀ kó ìwé mi wá, wọ́n á ka orúkọ tí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, mi ò jáwọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ti kọ orúkọ sínú ìwé mi. Mo lè fi ọwọ́ ìkọ̀wé mọ ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tó pàdánù.

Irinṣẹ́ yí padà. Fíìmù lọ, kámẹ́rà tí kò gba fíìmù dé. Aago ọwọ́ lọ, iná tó ń ka àsìkò fúnra rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà fóònù gba gbogbo rẹ̀. Kí n tó rìn dé ibi tí mo gbé mọ́tò sí, àwọn ọmọ ti gbé èsì sórí ìntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú fídíò. Ọmọ kan bi mí pé, "Sir, kí lẹ tún wá ń kọ sílẹ̀?" Mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ó kọ ọ́. Ó wò ó. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti ọ́fíìsì wa pa. Ìwé ìròyìn kù sórí ìntánẹ́ẹ̀tì, èmi sì fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ fíìmù àtijọ́ wá kó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dà á nù. Mo kó àpótí mẹ́rin wá sílé. Ìyàwó mi ní, "Páálí náà lo tún padà sí."

Àpótí àkọ́kọ́ ni mo ń tò, lábẹ́ A, nígbà tí mo rí àpò ìwé kan: Alade, Ajoke. Orúkọ tó wà lábẹ́ fọ́tò nínú ìwé ìròyìn ni akọ̀wé wa máa ń fi pa fíìmù mọ́. Láti ìgbà yẹn, abẹ́ orúkọ tó tọ́ ni mo ti ń wá a. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí láti wá a lábẹ́ àṣìṣe mi, àbí mi ò fẹ́ rí orúkọ náà mọ́ ni. Mo gbé fíìmù náà sójú iná. Fọ́tò mẹ́fà. Nínú ìkẹta, gbogbo ara rẹ̀ ló hàn, nọ́ńbà àyà rẹ̀ mọ́ kedere, òun náà sì ni nọ́ńbà tó wà níwájú Dèbórà Oyèwálé nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ti lẹ̀ mọ́ inú ìwé mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Àwọn àgbà ò sọ fún wa pé inú àpótí irọ́ gan-an ni òtítọ́ lè sùn sí.

Mo wa mọ́tò lọ sí Ajax. Dèbórà wo fọ́tò náà títí. Ó pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Ọmọ náà ní, "Mummy, ìwọ nìyí?"

"Èmi ni," ló wí. Ó tún un wí. Ó wá bi mí pé, "Uncle, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i báyìí?"

"Ìwọ ni kó o sọ. Bó o bá ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀."

Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àga nítòsí fèrèsé. Dèbórà wo ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ gbé e lọ," ló wí.

Mo gbé e lọ. Kóòṣì Bruno, tó wà ní ilé àwọn arúgbó báyìí, kọ lẹ́tà: "Mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró síbẹ̀. Nígbà tí mo fi jáde ní ọsibítù, wọ́n ní àsìkò ti kọjá." Akọ̀wé ìgbìmọ̀, obìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ kékeré lọ nígbà tí eré náà wáyé, kọ́kọ́ sọ fún mi pé òfin àsìkò kò tíì yí. Mo ní kó gba ohun kan nìkan: kó wo fọ́tò náà. Ó ní òun á fi han àwọn yòókù. Mo tún fi ẹ̀rí tèmi kún un, ojú ewé méjì, ọjọ́ mẹ́wàá náà wà nínú rẹ̀.

Ìpinnu wọn dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dá èsì eré náà padà. Ìgbìmọ̀ ní ọ̀dà máa kan pátákó náà ṣáájú ìdíje ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀, torí kò tíì sí ẹni tó sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú lẹ́tà náà. Wọ́n ní ẹni tó ni orúkọ ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ bó ṣe fẹ́ kó rí lára ògiri, pé àwọn ò ní gbà á láti inú ìwé ìròyìn. Ma Dórìn ìbá rẹ́rìn-ín. Dèbórà kọ ọ́ níwájú wa lórí tábìlì: Dèbórà Àjọkẹ́ Oyèwálé.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pè é láago láti sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ: wọ́n á ṣí pátákó ní gbọ̀ngàn, lẹ́yìn náà gbogbo wa á jáde sí pápá, irinwó mítà àwọn obìnrin ni wọ́n á sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́. Wọ́n fa aṣọ Dèbórà.

"Bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kéèyàn pariwo."

Dèbórà bi wọ́n. Ẹ̀rín wà lóhùn ọ̀gá náà nígbà tó dáhùn: "Ẹ sọ fún Màmá pé ẹ̀gbẹ́ wáyà la máa gbé àga wọn sí."